Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Oorun Ènìyàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn kà á dé àárín kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kà á tán. Ọ̀rọ̀ oorun ni, ọ̀rọ̀ ojú sì ni.

1.

Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń dáwó kí wọ́n lè rí ìtọ́jú gbà lọ́jọ́ àìsàn. Kòsáṣìṣe ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn: kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ o, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ilé-iṣẹ́ yìí ti fún àwọn oníbàárà ní aago ọwọ́. Wọ́n ní yóò máa ka ìṣísẹ̀ wọn, pé ẹni tó bá ń rìn dáadáa, àwọn á bá a dín owó rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n aago náà ń gbọ́ èémí pẹ̀lú. Ó mọ ìgbà tí oorun gbé ènìyàn lọ àti ìgbà tó ta jí. Kòsáṣìṣe kó gbogbo oorun yẹn jọ, ó fi kọ́ ẹ̀rọ kan láti máa sọ ẹni tí àìsàn ńlá máa tó kọlù, kí ilé-iṣẹ́ lè tètè yọwọ́. Ní ìyálẹ̀ta, á jókòó síwájú rẹ̀, oorun àwọn tí kò mọ̀ rí á máa kọjá lójú gíláàsì bí ìkúukùu, òmíràn fúyẹ́, òmíràn ṣú. Á wá dà bíi pé òun nìkan ló jí láyé. Inú rẹ̀ á máa dùn.

2.

Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́, obìnrin kan tí kì í pariwo, pè é sí yàrá rẹ̀. Ó ní òfin ò fàyè gba ohun tó ń ṣe yẹn: ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn nítorí ìrìn, wọn ò lè fi oorun inú rẹ̀ dá a lẹ́jọ́ láìgbàṣẹ. Ó ní kó kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò lára onírúurú òṣìṣẹ́, kó má lọ máa ṣe ojúsàájú. Ó tún ní ẹni tí ẹ̀rọ bá kọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí, bó bá sì fẹjọ́ sùn, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo máa ka ẹjọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀."

Kò dán an wò lára ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ní kí ẹ̀rọ yẹn gan-an máa dá wọn lóhùn. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà ló sọ di adájọ́!

3.

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Oníbúrẹ́dì ni. Ìgbà tí àdúgbò bá sùn ló ń po ìyẹ̀fun, ọ̀sán lòun ń sùn. Kòsáṣìṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Láti kékeré, bó bá ti iléèwé dé, ṣe ló máa ń yọ́ rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kọ́tìnì á máa mì lẹ́lẹ́, òórùn búrẹ́dì á gba gbogbo ilé, àǹtí á máa mí jẹ́jẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Kò síbi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí láyé tó ilé yẹn.

Ojú àǹtí wá ń ṣókùnkùn. Dókítà ní omi inú ojú méjèèjì ló ń ni iṣan ìríran lára, kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, torí èyí tó bá ti lọ kò ní padà mọ́. Àǹtí ò mikàn, ó ṣe tán, ó ti ń dáwó sí ilé-iṣẹ́ Kòsáṣìṣe tipẹ́, aago wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò sọ ìdí. Ó fẹjọ́ sùn, kó tó ṣẹ́jú, èsì ti dé: ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ló bá pe Kòsáṣìṣe, ọmọ rẹ̀, lórí fóònù pé kó bá òun wo ìdí tí wọ́n fi kọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀rọ yẹn kì í parọ́. Ó lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn wà lára yín tí ẹ ò mọ̀."

Kò tiẹ̀ ṣí orúkọ rẹ̀ wò. Obìnrin náà sì gbà á gbọ́. Ṣé ọmọ tí èèyàn tọ́ á tan èèyàn ni? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí kò sí lára rẹ̀ kiri, láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé òmíràn, nígbà tí èyí tó wà lójú rẹ̀ ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án, á dùbúlẹ̀, kò ní lè sùn, á máa wo fèrèsé tó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an.

4.

Àwọn ọlọ́dẹ, àwọn nọ́ọ̀sì alẹ́ àti àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ̀ pawọ́ pọ̀, wọ́n pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kì í jẹ́ káwọn sùn lóru, ẹ̀rọ sì ka ìyẹn sí àìsàn. Adájọ́ ní kí Kòsáṣìṣe ṣàlàyé ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe. Ó ní òun ò lè sọ, inú ẹ̀rọ ló wà.

Adájọ́ bi í pé: "Ní gbogbo ayé rẹ, ṣé o ò mọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń sùn lọ́sàn-án ni?"

Ibẹ̀ ló ti rántí àǹtí rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ ti ẹ̀rọ náà pa, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú gbogbo àwọn tí wọ́n kọ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Kòsáṣìṣe lọ́jọ́ náà, kò sì sílé-iṣẹ́ tó tún fẹ́ rí i sójú.

5.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àǹtí. Ojú ọ̀tún yè. Ti òsì ti lọ.

Kòsáṣìṣe wọ yàrá ilé ìwòsàn, ó rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lápá òsì. Ó ń retí kí àǹtí bú òun. Àǹtí kọjú sí nọ́ọ̀sì tó wà lápá ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi wo ìta. Ọmọ mi ní òun ń bọ̀, kò sì tíì dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀rọ, òfin tí ẹ ń pè ní ìdíwọ́ yẹn, ojú ẹlòmíràn ló ń ṣọ́. Ìwọ tí wọ́n kọ̀, má kàn gbà bẹ́ẹ̀, béèrè ìdí, kí o sì ní kí ènìyàn dá ọ lóhùn. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni ènìyàn tí wọ́n yàn láti wò ó, jọ̀wọ́, wò ó.