Písítìn Tí Ìyàwó Rà

Ìyàwó ló ra písítìn ńlá náà. Ó gbé e wọlé nínú páálí, ó gbé e ka orí tábìlì ìjẹun, ó ní kí ọkọ òun wá wo nǹkan. Nígbà tí ọkọ rí ohun tó wà níbẹ̀, písítìn àti sílíńdà tó fẹ̀ dáadáa ju tinú alùpùpù rẹ̀ lọ, tó sì máa fi kún eré rẹ̀, kò lè jókòó mọ́. Ó yí tábìlì po, ó jáde lọ wo alùpùpù náà, ó tún padà wá wo páálí. Ẹ̀fúùfù ni àwọn tí wọ́n jọ ń gun alùpùpù ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ìyá Ẹ̀fúùfù, tó ń bá wọn gbé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti fi eré alùpùpù ṣubú tó sì dá lẹ́sẹ̀, wo páálí náà. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Irin ṣì wà nínú ẹsẹ̀ yẹn. Dókítà ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bó bá tún fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣubú, ọ̀rọ̀ náà kò ní mọ sórí ẹsẹ̀. Ẹ̀fúùfù ní òun gbọ́. Bó ṣe ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ nù báyìí, orí alùpùpù ló padà sí, eré àtijọ́ náà ló sì ń sá. Ìyá fi omijé bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn wá bá a wí. Ẹ̀fúùfù á ní òun ti gbọ́, á fọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ léjìká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún máa gbọ́ ariwo rẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun àdúgbò.

Ìyàwó nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́. Ní tirẹ̀, ńṣe ló lọ ra písítìn tó tóbi díẹ̀ fún un nígbà yẹn. Ìyá, ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀, ó sì jọ pé àwẹ̀ náà gbà, torí fún ìgbà díẹ̀, ńṣe ni ọmọ rẹ̀ ń rọra lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tó yá, eré tún bẹ̀rẹ̀. Eléyìí tó tóbi jù ú lọ ni ìyàwó tún gbé wá báyìí.

Mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì lòun máa wá, kí Ẹ̀fúùfù ti múra ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù kò tún lè jẹun mọ́. Ó fọ ẹ́ńjìnnì látòkè délẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà já sínú rẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i. Ó tú tánkì, ó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ nù, ó kó àwọn nọ́ọ̀tì tó tú sínú àwọn àwo ìyàwó rẹ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún wọn tò. Ó wá ní òun fẹ́ omi gbígbóná tí òun máa fi fọ sílíńdà tuntun, ìyàwó sì gbé e kaná.

Ilé ìdáná ni ìyá ti bá ìyàwó.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ di opó ni?"

"Rárá o, Màmá."

"Kí wá ni gbogbo eléyìí? Kékeré tó ń gùn fẹ́ẹ̀ pa á, o tún lọ ra ńlá."

"Ẹ má bínú sí mi, Màmá."

Ó gbé omi náà jáde fún ọkọ rẹ̀. Inú bí ìyá, ẹ̀rù sì bà á. Ó wá ń ro ohun tí kò fẹ́ rò, pé bóyá ọmọ òun ti sú obìnrin yìí, pé bóyá ikú rẹ̀ ló ń wá lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní fi dá a lẹ́bi.

Mẹkáníìkì dé láàárọ̀, ó yin ìmúrasílẹ̀ náà, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó dì í tán, ó ní kò gbọdọ̀ sí eré títí alùpùpù á fi rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà, torí písítìn àti sílíńdà ò tíì mọwọ́ ara wọn. Ìyàwó béèrè pé bó bá sáré ńkọ́. Mẹkáníìkì ní písítìn á lẹ̀ mọ́ sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á nọ́kù, ó parí. Ìyàwó ní kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ, omi tí ọkọ òun fi ń fọwọ́ ń pariwo.

"Ẹ̀yin náà," ni Ẹ̀fúùfù wí, "ṣé èmi ni mo máa fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì ni?"

Ìyá pòṣé. Ẹ́ńjìnnì ni kò lè fìyà jẹ.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí Ẹ̀fúùfù ti rọra gun alùpùpù jáde jẹ́jẹ́, tí ìyá sì wà ní yàrá tó ń dúpẹ́ pé àwẹ̀ òun tún ti gbà, ìyàwó, tó ti yọ́ wo mítà alùpùpù kí ọkọ rẹ̀ tó jáde, wọ ilé ìdáná, ó pe ẹni tó ń ta písítìn lórí fóònù, ó ní alùpùpù ti ń súnmọ́ ẹgbẹ̀rún kìlómítà, kó yára bá òun wá èyí tó tún tóbi jù ú lọ, kí ọkọ òun tó tún bẹ̀rẹ̀ eré.