Ẹni Tó Ń Kà Á Lẹ́yìn Fadérera

Ó ti rẹ Fadérera dé eegun nígbà tó kọ àbájáde àyẹ̀wò aláìsàn tó kẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Gbogbo èèyàn ti lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn pa. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ tí àga kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń na ọrùn láti wo ohun tó ń kọ.

"Àárẹ̀ lásán ni," ló sọ fún ara rẹ̀.

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àṣírí aláìsàn, ló bá pa gbogbo ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ́ kó tó jáde. Nínú dígí tó ṣókùnkùn náà, ó rí ojú ara rẹ̀, ó sì rí ojú kejì létí èjìká rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Mi ò tíì kà á tán."