Ẹrù Àyálò àti Omi Ọ̀fẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ tó kan ará ilé kan lè kan ẹlòmíràn.

1. Ọkùnrin kan wà tó ń rán bàtà. Gbajúmọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó fẹ́ràn àṣehàn. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ilé gbogbo, àti pé òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀ wá díye lé ẹrù ilé kálukú.

"Ilé olówó lomi máa kọ́kọ́ dé," ni Gbajúmọ̀ wí. Ó bá yá fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti àga onítìmùtìmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀, tí ilé wọn kángun síra.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa bí a ṣe wà."

"Ìwọ ṣáà máa wòran."

2. Òṣìṣẹ́ náà dé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó mú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́. Ó ní kí Gbajúmọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n. Gbajúmọ̀ fọwọ́ pa á níwájú àti lẹ́yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

"Ó ń sinmi ni, mà."

Ìyàwó rẹ̀ sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kọ iye gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjá sílé onígbàjámọ̀. Ẹní kan àti àpótí ìjókòó ló bá níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ kò fẹ́ tú àṣírí ọ̀rẹ́, ó panu mọ́.

3. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé jáde: ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀fẹ́ ni omi tirẹ̀, ẹni tó rí já jẹ, kó fowó ara rẹ̀ ra páìpù. Omi ń tú yàà nílé onígbàjámọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Gbajúmọ̀ fi ń gbé korobá lọ pọnmi níbẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń kí i pé, "Olówó, ẹ kú iṣẹ́ o."

Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ ní, "Ọ̀rẹ́, omi yìí kò lọ lọ́fun mi mọ́. Jẹ́ ká lọ jẹ́wọ́."

Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa á títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ẹrù wọn kà. Onígbàjámọ̀ san owó páìpù tirẹ̀ láìbínú. Ilé Gbajúmọ̀ ni omi ọ̀fẹ́ dé kẹ́yìn ládùúgbò. Lọ́jọ́ náà, tòun tìyàwó àtọmọ ló jó lábẹ́ omi ẹ̀rọ, taṣọ-taṣọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ọlá àyálò pàdánù ẹ̀tọ́ yín. Ohun tí ẹ bá ní, ẹ pè é ní iye tó jẹ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.