Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn

Lọ́la ni iléeṣẹ́ wa fẹ́ ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ tuntun kan ní Ìlọrin. Èmi, dírẹ́bà iléeṣẹ́, ni wọ́n ní kí n wà á lọ. Mo ní kí wọ́n fi tírélà gbé e, wọn ò gbà. Ọkọ̀ kékeré ni, àmọ́ agbára rẹ̀ pọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń fà á.

Mo kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ṣú, igbó gba ọ̀tún gba òsì. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún: pín-ín, pín-ín. Iná pupa kékeré kan tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Mo pe ọ̀gá mi, Fákúnlé, lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un.

"Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ni kò de bẹ́líìtì," ó ní. "Àbí ọmọge lo gbé?"

"Ọ̀gá, mi ò gbé ẹnì kankan."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí èèyàn, kò sí ẹrù. Àmọ́ àga náà tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó lé e. Ibo ni mo fẹ́ sá gbà nínú igbó yẹn? Mi ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo bá bẹ̀ ẹ́ bí àgbà:

"Ẹ dákun, ẹ bá mi de bẹ́líìtì yín."

Mo gbọ́ tí bẹ́líìtì há, kó! Iná kú. Ariwo dákẹ́.

"Ṣé o rí i, ó ti tán," Fákúnlé ní. "Máa bọ̀ jàre, gbogbo wa ń dúró dè ẹ́."

Àga iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, ń rọra tẹ̀ wọnú. Iná pupa tún tàn: pín-ín, pín-ín.