Bátìrì Kejì Tí Gàníyù Ò Rà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ní Ẹ̀jìgbò, níbi tó ṣòro kí ilé kan wà kó má ní èèyàn kan ní Àbíjàn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gàníyù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í jalè, kì í bú àgbà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ohun tí ojú ayé bá lè rí nìkan ló kà sí. Bàtà rẹ̀ máa ń dán, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ ọ, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á yọjú látinú ìbọ̀sẹ̀ kí yín.

Gàníyù ra kámẹ́rà kan, kékeré tó wọ àpò ṣòkòtò, tó sì wọ́n ju ọ̀kadà lọ. Ẹni tó tà á fún un ní, "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà yìí dáa, àmọ́ bátìrì rẹ̀ kéré, kì í pẹ́ tán. Ẹ ra ìkejì mọ́ ọn."

Gàníyù rẹ́rìn-ín. "Bátìrì? Ṣebí inú ló ń gbé. Ta ló máa rí i?"

Ló bá ra àpò awọ pupa fún un. Ó ra okùn awọ tí yóò fi gbé e kọ́rùn, ó ra irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa gbé e lé, ó tún ra bọ́tìnnì fàdákà kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Kámẹ́rà múra ju ìyàwó lọ.

Ó ṣe, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dé láti Àbíjàn. Ìyá Àbíjàn ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti lọ, kí wọ́n tó bí Gàníyù rárá, òun àti àbúrò rẹ̀ ò sì tíì jọ ya fọ́tò rí láyé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kó padà, ó ní ìrìn yìí ló kẹ́yìn, pé bí bọ́ọ̀sì bá ti gbé òun lọ láàárọ̀ ọ̀la, òun ò ní lè padà wá mọ́. Ìyá Gàníyù ti ra férémù sílẹ̀, ó ti kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀.

"Àkànmú," ló wí fún ọmọ rẹ̀, "nítorí fọ́tò yìí ni mi ò ṣe bá ẹ jà nígbà tí o ra nǹkan yẹn."

Láti àárọ̀ ni Gàníyù ti ń fi kámẹ́rà ṣe fáàrí káàkiri agbo ilé. Ó ya adìyẹ. Ó ya àpò pupa. Ó ń na imú kámẹ́rà jáde, ó ń fà á wọlé bí orí ahun, kí àwọn ará ilé lè rí i wò. Nígbà tí àwọn ìyá méjèèjì fi wẹ̀ tán, tí wọ́n lé tìróò, tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi ọsàn, iná pupa kékeré kan ti ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà pé bátìrì fẹ́ tán. Gàníyù rí i. Ó ní yóò tó.

Sìfáwù, ìyàwó àbúrò rẹ̀, yọ fóònù. "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín yà á mọ́ ọn, bóyá..."

"Gbé fóònù ẹ sápò," ni Gàníyù wí. "Ta ló ń fi ṣíbí bu omi létí odò?"

Ìyá Àbíjàn di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Àwẹ̀ró, rẹ́rìn-ín o. Má fajú ro bí ìgbà tí Bàbá ń fún ẹ ní àgbo."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Gàníyù tẹ̀ ẹ́. Imú kámẹ́rà fà wọlé fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó kú.

Gbogbo agbo ilé ló ń wo Gàníyù. Ó kàn lè sọ pé, "Ẹ má bínú, bátìrì ti tán," Sìfáwù á sì yọ fóònù rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju ọlọ lọ. Ló bá tún ń tẹ bọ́tìnnì fàdákà, òkú ló sì ń tẹ̀.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Ó dáa gan-an."

"Jẹ́ n wò ó," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Ó dìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde, Ìyá mi."

Ó rò pé òun á gba iná sí bátìrì lóru, òun á tún yà wọ́n ní gáréèjì láàárọ̀. Iná mànàmáná ò dé mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àbíjàn ń juwọ́ lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, fóònù sì pọ̀ ní gáréèjì bí eṣinṣin, àmọ́ Gàníyù ò tọrọ ọ̀kankan. Bó bá tọrọ, wọ́n á bi í pé tàná ńkọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi pè láti Àbíjàn pé Ìyá Àbíjàn sùn, kò jí. Ìyá Gàníyù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi igi lù. Kò sunkún. Ó kàn na férémù sí ọmọ rẹ̀. "Àkànmú, bá mi fi ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀. Kí n máa rí i."

Gàníyù dọ̀bálẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gba férémù náà padà.

"A rẹ́rìn-ín," ló wí. "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Kí wá ni a rẹ́rìn-ín sí?"

Gàníyù ti ra bátìrì kejì báyìí, ó ti ra ìkẹta, wọ́n wà nínú àpò pupa, iná kún inú wọn bámúbámú. Férémù sì wà lórí ìṣó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí àlejò bá béèrè, ìyá náà á fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Fọ́tò èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni. Gàníyù ló yà á. Ó ní ó dáa gan-an."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ojú ò rí ló ń gbé ohun tí ojú ń rí dúró. Ẹ tọ́jú inú kí ẹ tó ṣe òde lọ́ṣọ̀ọ́. Bí nǹkan bá sì bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè sọ, nígbà tí Sìfáwù ṣì mú fóònù dání. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.