Làpálàpá Ilé Wa

Làpálàpá tún ti bo orí àwọn ọmọ mi.

Ìwà ọ̀bùn ló ń fà á.

Mo ti bú onígbàjámọ̀ wa ní Kubwa lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Mo ti dá Bọ́sẹ̀dé, àbúrò ìyàwó mi, padà sí Kabba. Táwẹ̀lì ẹ̀ ń rùn.

Dókítà, ọmọ àná lásán, wá ń bi àbíkẹ́yìn mi ní ohun tí wọ́n jọ ń lò.

"Fìlà Dádì ni. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba báàgì wọn ni wọ́n máa ń dé e fún."

Dókítà yíjú sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí fìlà yín."

Mo di fìlà mú.

Ìyàwó mi ń wò mí.

Orí ti ń yún mi kí Bọ́sẹ̀dé tó dé Àbújá.