Ẹ̀ẹ̀kẹta tí Eegun Ìmísí Ṣẹ́

Baba Láoyè tó ń to eegun ní Ìrẹmọ ṣẹ́ adìyẹ kan lẹ́sẹ̀, ó sì dì í bó ṣe di ẹsẹ̀ Ìmísí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Bí adìyẹ bá rìn, ọmọ náà á rìn.

Adìyẹ ti ń sáré. Ìmísí ṣì wà lórí ẹní.

"Sàrátù, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí eegun ọmọ ẹ ń ṣẹ́. Ta lo ṣẹ̀?"

"Ayé ni, Baba."

Baba jáde lọ já ewé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà."

Sàrátù fẹnu sí i létí.

"Bí àwọn èèyàn bá rí oògùn tí dókítà fún ẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á bi mí ohun tó wà fún. Kí n sọ pé Ọlọ́run ò dá ilé-ọmọ mọ́ ọ?"

"Òun ló ń mú eegun mi le kẹ́ ẹ tó dà á sí ṣáláńgá. Màámi, ilé-ọmọ kọ́ ló ń ṣẹ́."